Wákàtí Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láti Fáńkúfà

Bàbá mi, akọ̀wé gáréèjì Òrè, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí láìkọ orúkọ èrò,

Mo ti dé o. Ó yẹ kí ẹ ti mọ̀, nítorí láti ojú fèrèsé tí mo jókòó sí yìí dé ibi tí wọ́n sin yín sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ariwo mi sì ti gba gbogbo àgbàlá kan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Bí èèyàn bá ti ọ̀nà jíjìn dé, kí ẹ tó kí i káàbọ̀, ẹ óò ti bi í ní aago tó gbéra àti aago tó gúnlẹ̀. Ó dáa, ẹ mú pẹ́ńsù. Mo gbéra ní Fáńkúfà, lókè òkun, ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́rú. Mo gúnlẹ̀ ní Ìkẹjà ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ẹtì. Mo wọ Òdìgbó ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n sin yín.

Ẹ dárí jì mí. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní jọ ẹ̀fẹ̀, n ò rí i, nítorí ẹ̀fẹ̀ gan-an ló jọ.

Ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Ajue, ló pè mí pé ẹ ti lọ. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, aago mẹ́wàá, pásítọ̀ kò ní àyè mìíràn. Mo sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti ń sunkún láti àárọ̀, ojú mi ti wú bí àkàrà. Mo rí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì pé Ọjọ́rú ni màá kúrò, mo sì rí i pé aago márùn-ún ìdájí ni màá dé Èkó. Ohun tí n ò rí ni nọ́ńbà kékeré kan báyìí, kò tó kòkòrò, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ aago márùn-ún náà, tó ń sọ pé kì í ṣe ìdájí ọjọ́ kejì, ìdájí ọjọ́ kẹta ni. Ni mo bá pe Ìyá Ajue padà, mo fọ́nnu, mo ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀, Òrè ni màá ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Bí Bàbá Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ yín awakọ̀, ṣe wa ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà nìyẹn, tí wọ́n sun inú ọkọ̀ mọ́jú Ọjọ́bọ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi sára páálí kan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n rí mi kẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ẹ mọ ọ̀rẹ́ yín: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wá. Gbogbo ọmọdé tó bá jáde ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wò lójú, tí wọ́n ń bi í pé ṣé o rántí mi? Ìyá ọmọ kan fi báàgì lé wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

“Bàálù Fáńkúfà dà?”

“Bàbá, kò sí bàálù tó ń ti Fáńkúfà wá síbí.”

“Ẹ má tàn mí jẹ. Akọ̀wé gáréèjì Òrè ló kọ ọ́ sílẹ̀.”

Wọ́n dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn náà ni yóò gbé pósí yín lọ́jọ́ kejì, ni wọ́n bá yí ọkọ̀ padà sílé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Ẹ rántí pé Òrè àwọn òyìnbó ni ẹ máa ń pè é: bí ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Bìní kò ṣe lè kọjá Òrè láìjẹ́ kí èrò jẹun kí wọ́n tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù ò ṣe lè fo Lọ́ńdọ̀nù. Òótọ́ ni. Oúnjẹ tiwọn nìkan ni kò dùn. Ibẹ̀ ni mo ti gbójú sókè wo aago ara ògiri, mo rí i pé ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ti lé, èmi tó yẹ kí n wà l'Órè. Mo bi ọmọbìnrin tó ń ta tíì bóyá aago wọn ti bà jẹ́. Ó wò mí tàánútàánú, ó fi ṣúgà kún tíì mi. Mo pe Ìyá Ajue. Wọ́n ń dín ẹran, epo ń pariwo, àwọn obìnrin ń kọrin. Wọ́n kígbe pé, “Ṣé o ti dé Òrè?” ni láìnì bá já. Mo pè títí, wọn ò gbé e mọ́.

Nígbà tí mo gúnlẹ̀ l'Ékòó, kò sí ẹni tó wá pàdé mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì Òrè ní gáréèjì, bọ́ọ̀sì náà kò sì gbéra, ó ku èrò kan. Ẹ̀yin náà ṣe é fún àwọn ẹlòmíràn ní gbogbo ọjọ́ ayé yín, ẹ ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí bí àlàfo kan bá wà. Mo wá mọ bó ṣe ń dun ẹni tó jókòó sínú. Mo bẹ akọ̀wé wọn pé kó jẹ́ ká máa lọ, pé wọ́n ń sin bàbá mi. Ó ní òun náà bá mi kẹ́dùn, ó lá ẹnu pẹ́ńsù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń lá a, ó kọ orúkọ mi, ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà láti máa wá èrò kan tó kù. Mo bú sẹ́kún. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé gáàrí òun tó ń jò sí mi lẹ́sẹ̀ ló ń bí mi nínú, ó bá mi gbọ̀n ọ́n kúrò.

Nígbà tí ọ̀kadà já mi sílẹ̀ níwájú ilé, ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ. Mo rí òkìtì yẹ̀pẹ̀ pupa tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Èmi ni àkọ́bí, èmi nìkan náà ni ọmọ, ó yẹ kí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí yín lára. Ìyá Ajue dìde láàárín àwọn obìnrin. Mo ti dọ̀bálẹ̀ sórí erùpẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ń retí kí wọ́n gbá mi létí. Mo fẹ́ kí wọ́n gbá mi létí.

Wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀ o, àlejò wa. Ẹ dìde, ẹ má fi aṣọ yín nu ilẹ̀. Ẹ bá wa fún àlejò lómi tútù.”

Bàbá mi, ó tán. Ẹ̀gbọ́n yín tó tọ́ mi lẹ́yìn ikú Màmá, tó fi ọmọ odó lé mi yí ilé ká ní ọjọ́ tí mo jí ẹran, tó máa ń pè mí ní “ìwọ ọ̀lẹ yìí” kí àbúrò Màmá tó wá mú mi lọ sí Fáńkúfà, òun ló ń pè mí ní “ẹ̀yin”. Láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn títí di àná, orí tírè ni wọ́n ń gbé oúnjẹ mi sí, wọn óò fi aṣọ bò ó. Búrẹ́dì, ẹyin àti tíì ni. Bí mo bá gbé korobá láti lọ pọn omi, wọn óò gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, wọn óò ní àlejò kì í ru omi. Bí mo bá mú ìgbálẹ̀, àlejò kì í gbálẹ̀. Mo ní kí n bá wọn tọ́jú iná, wọ́n ní èéfín á ta àlejò lójú. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yín wà létí ìró wọn, yàrá tí wọ́n ń gba àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run sí ni wọ́n fún mi, àwòrán pásítọ̀ mẹ́ta ló ń wò mí bí mo bá ń sùn. Mo gbìyànjú láti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n rọra máa sọ ọ́, pé bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ni mò ń sọ̀rọ̀, pé ohùn mi dára púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá padà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí n tó lọ ni kí Ìyá Ajue rán mi níṣẹ́. Mo ní bí wọn ò bá rán mi níṣẹ́, a jẹ́ pé n ò nílé mọ́ ní Òdìgbó.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ pé mo ti ń kọ́ Yorùbá láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Olùkọ́ kan láti Ọ̀yọ́ ló ń kọ́ mi lórí fóònù. Mo fẹ́ kí ẹ bá a lójijì. Mo fẹ́ kí ẹ pè mí ní Sunday kan, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ yín, kí ẹ máa retí “yes sir” tí mo máa ń sọ, kí n wá dá yín lóhùn pẹ̀lú Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní kó kọ́kọ́ dán mọ́rán. Mo ń dá a sí. Ta ló ń dá irú ẹ̀ sí?

Àná, ọjọ́ Sátidé, àwọn ará gáréèjì ti Òrè wá kí wa. Wọ́n tó mẹ́fà, Bàbá Kẹ́mi ló ṣáájú. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ yín dáadáa. Wọ́n ní láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ aago mọ́ ní gáréèjì. Wọ́n rántí bí ẹ ṣe ń fi ọ̀nà Èkó wọn gbogbo nǹkan: ọbẹ̀ ilá kò ju Èkó sí Ṣàgámù lọ, ẹ̀wà ni kì í jinná títí ọkọ̀ á fi wọ Òrè, ìwàásù pásítọ̀ kan sì wà tí ẹ ní ó kọjá Bìní. Wọ́n rántí ọjọ́ tí mo sọ fún yín lórí fóònù pé Fáńkúfà sí Èkó tó ẹgbẹ̀rún méjìlá kìlómítà, tí ẹ pín in, tí ẹ sì kéde ní gáréèjì pé Òrè sí Èkó lọ́nà ọgọ́ta ni, àti pé kí gbogbo wọn bá awakọ̀ bàálù náà kẹ́dùn ẹ̀yìn ríro.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Kẹ́mi yọ bébà kan jáde látinú àpò. Bébà náà ti pọ́n, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó rí, ihò ìṣó wà ní orígun rẹ̀. Mo wò ó. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ni, èyí tí mo fi lọ nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ ni. Àbọ̀ rẹ̀ ni a kò lò.

Bàbá Kẹ́mi ní, “Ìyá Ajue, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọmọ yìí lọ́rùn sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni akọ̀wé fi kọ́ wa ní ìwé yìí. Lílọ: ó kúrò l'Ékòó ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó dé Fáńkúfà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Wákàtí mélòó nìyẹn?”

Àwọn ará gáréèjì dáhùn pa pọ̀ bí ọmọ iléèwé: “Wákàtí mọ́kàndínlógún àtààbọ̀!”

“Bíbọ̀: ó kúrò ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́rú, ó dé Èkó ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ẹtì.”

“Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n!”

“Ẹ ti gbọ́. Ọ̀nà tó gùn tó báyìí ní bíbọ̀, ṣé ọmọ kékeré ló máa rìn ín lọ́dọọdún?”

Ọ̀kan nínú wọn tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ náà. Ó ní afẹ́fẹ́ ni, pé afẹ́fẹ́ máa ń ti bàálù láti ẹ̀yìn bó bá ń lọ, á wá dojú kọ ọ́ bó bá ń bọ̀. Èkejì ní ẹrù ni, pé ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó máa ń kó ẹrù ju ẹni tó ń lọ.

Ìyá Ajue ní, “Afẹ́fẹ́ ọdún mọ́kànlá?” Wọ́n pòṣé. “Bàbá rẹ̀ tí kò wọ bàálù rí mọ ìwé yẹn kà, ó mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ló ń dé. Àlejò wa tó ń ṣe yunifásítì ló kà á sí Ọjọ́bọ̀.”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìwà òmùgọ̀ gbé mi. Mo ní Yorùbá ti wà lẹ́nu mi, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé, jẹ́ kí n fi hàn wọ́n. Mo sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo já èso kòkó kan, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo dúró síwájú gbogbo wọn.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká sọ pé ayé nìyí.”

Ìyá Ajue ní, “Ta ló ní kí wọ́n já kòkó tútù?”

Mo ní, “Tọ́ọ̀ṣì yìí ni oòrùn. Ibi tí mo fi èékánná kàn yìí ni Òrè.”

“Agbabu ńkọ́?” Ọkùnrin ará Agbabu kan wà láàárín wọn.

“Ibẹ̀ náà ni, sà.”

“Fi tiwa sọ́tọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí títì wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀.”

“Ṣé wọ́n ti wa ọ̀dà náà?” Bàbá Kẹ́mi ló bèèrè.

“Rárá o. Ìdí tí mo fi ní kó fi sọ́tọ̀ nìyẹn, bóyá àwọn tó ń gbé inú kòkó á bá wa wà á.”

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo yí kòkó náà díẹ̀díẹ̀. Mo fi hàn wọ́n pé bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lórí Òrè, inú òkùnkùn ni Fáńkúfà wà, pé ní ọ̀sán gangan tí a jókòó yìí, aago mẹ́rin ìdájí ni níbẹ̀, gbogbo wọn ń sùn.

“Lọ́wọ́ ọ̀sán báyìí?” Bàbá Kẹ́mi mi orí. “Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀lẹ ni wọ́n.”

Mo ní wákàtí mẹ́jọ ni aago wọn fi wà lẹ́yìn tiwa. Mo ní nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó, a gbọ́dọ̀ yọ wákàtí mẹ́jọ kúrò nínú bíbọ̀, ká sì fi mẹ́jọ kún lílọ. Mo fi ìgbéraga sọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó kọ́ mi lẹ́nu. Bàbá Kẹ́mi ń ka ìka wọn, ètè wọn ń mì.

“Lílọ… mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àtààbọ̀. Bíbọ̀… márùndínlọ́gbọ̀n.” Wọ́n gbójú sókè. “Háà. Bíbọ̀ ló wá kúrú jù?”

Mo di èso kòkó àti tọ́ọ̀ṣì mú níbẹ̀ bí ẹni tó jalè. Ìgbà yẹn ló tó yé mi ohun tí mo ṣe. Agboòrùn tí ẹ ti ta bò mí láti ọdún mọ́kànlá, lójú gbogbo gáréèjì Òrè, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á ya, nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo gbọ́ Yorùbá.

Ìyá Ajue ní, “Ó dáa. Bíbọ̀ kò gùn. Kí ló wá dá yín dúró?”

Bàbá mi, irọ́ wà níbẹ̀ tí mo lè pa. Mo lè ní ìwé ìgbélùú ni; òótọ́ sì ni fún ọdún bíi mélòó kan. Mo lè ní ẹ̀kọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wò mí, òkìtì yín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ní, “Ojú ló ń tì mí. Mo gbàgbé èdè. Mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ l'Órè, gbogbo gáréèjì á máa bá mi sọ̀rọ̀, èmi á máa rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀, Bàbá mi á sì máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ń sọ fún wọn lọ́dọọdún pé Kérésì tó ń bọ̀. Ọ̀nà ò gùn rárá. Èmi ni n ò wá.”

Mo fẹ́ sọ sí i, gbogbo Yorùbá rédíò náà sì tú ká lẹ́nu mi, ó di ẹkún, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀.

Bàbá Kẹ́mi tẹ́tí. Wọ́n ní, “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sunkún. Ẹkún Òdìgbó pọ́ńbélé nìyẹn. Ta ló ní ọmọ yìí ti gbàgbé?”

Ìyá Ajue ń wo ilẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ, ìjìnlẹ̀ èdè Ìkálẹ̀ ni, n ò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra sọ ọ́ kí n lè bá wọn lọ.

“Ẹ̀yin ará gáréèjì, ẹ rò pé àbúrò mi ò mọ̀ pé aago ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa?”

Bàbá Kẹ́mi ní, “Ìwé ni ó fi hàn wá, Ìyá.”

“Ìwé wo? Ní gbogbo Sunday, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ń pe ọmọ rẹ̀. Ẹ lè máa pín oúnjẹ lọ́wọ́, á dìde. Mo ní kí ló dé tí o ò pè é kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọmọ òun ń sùn. Bí òjò bá lọ tán tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, á di aago mẹ́fà. Mo ní èéṣe, ó ní wọ́n ti ti aago wọn sẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọn óò tún tì í padà bó bá yá. Ẹni tó mọ ìgbà tí òyìnbó ń ti aago, òun ni kò mọ̀ pé wákàtí mẹ́jọ wà níbẹ̀?”

“Ọdún mọ́kànlá!” Bàbá Kẹ́mi dìde dúró. “Ó wá ń fi ìṣirò irọ́ tàn wá jẹ, èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀? Tí mo ti fi bá àwọn awakọ̀ Bìní jiyàn?”

“Ẹnu yín ló ń fi dí. Ẹ ò kúrò lẹ́yìn rẹ̀: ọmọ rẹ dà, ọmọ rẹ dà, ṣé ó ti gbàgbé rẹ ni. Látìgbà tó ti so ìwé yẹn mọ́ pátákó, ṣé ẹ tún bi í?”

Bàbá Kẹ́mi jókòó padà. Wọ́n ka bébà náà síwá-sẹ́yìn, wọ́n ní, “Akọ̀wé burúkú,” wọ́n sì nu ojú.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ní gbogbo Sunday ní Fáńkúfà, yálà yìnyín bo ìta tàbí oòrùn ń ràn, aago mẹ́sàn-án ni fóònù mi ń dún. Mo ti jí, mo ti fọ eyín, n ò tíì jáde. Mo rò pé oríire lásán ni. Bàbá mi, ṣé ẹ mọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ Kérésì? Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ orúkọ èrò sílẹ̀ títí ìdí rẹ̀ á fi kan àga, kí ni ẹ ń kọ sílẹ̀ bí mo bá ní mò ń bọ̀? Bí ẹ ṣe máa ń sọ pé ọ̀nà jìn, kí n má kánjú, ṣé ẹ ń bínú nínú ni? Kí ló dé tí ẹ ò bú mi lẹ́ẹ̀kan péré? Ǹ bá ti wá.

Mo ṣì wà nílẹ̀ níbi tí mo kúnlẹ̀ sí nígbà tí Ìyá Ajue dìde. Mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ létí ìró wọn.

Wọ́n ní, “Ìwọ.”

Mo gbójú sókè.

“Ìwọ ni mò ń bá wí. Dìde níbẹ̀. Ẹkún kì í bó ẹ̀gẹ́. Agbọ̀n mẹ́ta ni wọ́n gbé ti abúlé Ajue dé láàárọ̀, mo fẹ́ rẹ ẹ́ fún púpùrù. Ọ̀bẹ wà lẹ́yìn ìkòkò. Kòkó tútù tí o já un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàárín èmi pẹ̀lú rẹ.”

Bàbá mi, mo bó ẹ̀gẹ́. Mo gé ìka méjì. Wọ́n ní èèpo mi nípọn jù, pé ara ẹ̀gẹ́ ni mò ń jù nù, pé ta ló tọ́ mi dàgbà? Mo ní àwọn ni. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé. Bàbá Kẹ́mi àtàwọn èèyàn wọn jókòó yí wa ká, wọ́n ń bú mi, wọ́n ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀bẹ, ọwọ́ tiwọn náà kò sì kan ẹ̀gẹ́ kankan. Kí wọ́n tó lọ, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ya bébà náà. Bàbá Kẹ́mi fi í sápò. Wọ́n ní ìwé akọ̀wé ni, pátákó ló ń padà sí, pé bí ẹnikẹ́ni bá bi àwọn ní Òrè, wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ṣì jẹ́, kò sí kòkó tó lè yí i padà.

Yàrá yín ni mo sùn mọ́jú. Ìyá Ajue ju kọ́kọ́rọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí n gbá a kí n tó dùbúlẹ̀, eku ti ń rìn níbẹ̀. Òní ni Sunday. A ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ti jẹun. Aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, mo jókòó ti fóònù mi láìmọ ohun tí mò ń retí, ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi bá yín lójijì nìyí, mo ti kọ ọ́ tán. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ bá mi tún un ṣe. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Ìyá Ajue ń pariwo orúkọ mi láti ilé ìdáná. Wọ́n ní ta ló fi àwo ọ̀sán sílẹ̀ láìfọ̀ tí eṣinṣin ń jó lórí rẹ̀? Mo ní mò ń kọ̀wé sí Bàbá. Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa, kí n sì sọ fún yín pé àwo wà nílẹ̀.

Ẹ sùn re, Bàbá mi. Mo fẹ́ràn yín ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ ọ́ lọ. Mo ń lọ fọ àwo.

Èmi ni,
ọmọ yín tí wọ́n ti ń rán níṣẹ́.